Ẹ Bi Bàbá Onígi: Igbó Wo Ni Ká Kọ́kọ́ Dì Mú?

Òjò ti dé. Orúnkún òsì mi ló sọ fún mi kí rédíò tó sọ ọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó sílé ní Ìjẹ̀bú-Igbó lóṣù yìí, tí mo ka lẹ́tà yín láti òkè délẹ̀. Mẹ́rin nínú wọn dà bí ọmọ ìyá kan náà, ni mo bá kó wọn sójú kan. Ẹ̀yin tí ẹ béèrè nípa kòkòrò inú kòkó, ẹ forí jì mí, ó di oṣù tó ń bọ̀.

*

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin wà ní Ṣáínà, ẹ̀kọ́ nípa igbó ló ń kọ́. Ó ní iṣẹ́ tí àwọn ń ṣe ni láti mọ ibi tó yẹ kí ìjọba kọ́kọ́ dáàbò bò kí onírúurú igi má baà run nínú igbó tí wọ́n ń pè ní subtropical. Mo ní ṣé kì í ṣe gbogbo igbó ló yẹ kí wọ́n dáàbò bò ni? Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ bá mi là á yé ara mi, kí n lè bá ọmọ mi sọ̀rọ̀ bí èèyàn. Ṣé ọ̀rọ̀ náà tiẹ̀ kan Ìjẹ̀bú?
— Ìyá Ìbejì, Òke-Àjẹ, Ìjẹ̀bú-Òde

Ìyá wa, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rín ọmọ dùn yín. Ìbéèrè yìí gan-an ni mo bi ọ̀gá mi lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ igbó Ọmọ, igbó ìjọba tí a ń pè ní J4. Ọ̀gá ò dá mi lóhùn, ó kàn gbé tẹ́ẹ̀pù àti ike ọ̀dà lé mi lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwa níbí wà ní nǹkan bíi dìgírì 7 sí àríwá ilà tó dá ayé sí méjì. Oòrùn máa ń dúró ṣánṣán lórí wa lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Bí èèyàn bá kọrí sí àríwá, tó kọjá Kánò, tó wọ aṣálẹ̀, bó bá ti lé ní dìgírì 23 àti ààbọ̀, oòrùn ò tún ní dúró ṣánṣán lórí rẹ̀ mọ́ láé. Láti ibẹ̀ títí dé bíi 35 ni ọmọ yín ń pè ní subtropical. Ìyẹn ni pé igbó tiwa kọ́ nìyẹn o. Níbi tó pọ̀ láyé, iyanrìn ló wà ní agbègbè yẹn, Sàhárà wa nìyẹn. Gúúsù Ṣáínà ló yàtọ̀, nítorí afẹ́fẹ́ òkun máa ń gbé òjò wá bá wọn lásìkò ooru, ni igbó bá wà níbi tí a bá ti máa rí ràkúnmí. Òtútù ń mú wọn gan-an, yìnyín a tilẹ̀ máa bọ́ nígbà mìíràn, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ igi wọn kì í wọ́wé. Ìbátan igi tíì wà níbẹ̀, àti ti igi káńfọ̀. (Bẹ́ẹ̀ ni o, ara igi ni káńfọ̀ ti kọ́kọ́ wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun mìíràn ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe èyí tí a ń fi sáàárín aṣọ òfì báyìí.) Ní Gutianshan, ní ẹkùn Zhejiang, wọ́n wọn hẹ́kítà 24 jáde, wọ́n ka gbogbo igi inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan èyí tí kò nípọn ju ìka ọmọdé lọ. Oríṣi 159 ni wọ́n bá níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ń bọ̀ sórí ẹ̀rín ọmọ yín báyìí. A ò lè dáàbò bo gbogbo igbó nítorí pé èèyàn ń jẹun. Ẹni tó ń gbin ẹ̀gẹ́ sínú igbó ìjọba mọ̀ pé igbó ìjọba ni, ebi ló jù ú lọ. Owó tí wọ́n ń san fún ẹ̀ṣọ́ igbó kì í tó, ẹ̀ṣọ́ gan-an kì í pọ̀. Tó bá wá jẹ́ pé ibì mẹ́ta péré la lè ṣọ́ dáadáa nínú ogún, mẹ́ta wo ni?

Ẹni tí kò bá ronú yóò sọ pé èyí tí igi rẹ̀ tóbi jù. Ẹni tó bá ronú díẹ̀ yóò sọ pé èyí tó ní oríṣi igi jù. Èmi ti jẹ́ èèyàn méjèèjì yìí rí, mo sì ṣe nǹkan kan tí n kò sọ ní gbangba rí.

Nígbà tí mo ṣì ń ka igi, wọ́n rán àwa mẹ́ta lọ wo ibì méjì, kí a wá sọ èyí tó yẹ kí wọ́n fi sílẹ̀ láìgé. Ọ̀kan wà lórí òkè, ọ̀gànwó àti àfàrà dúró níbẹ̀ bí òpó ààfin, ó wu ojú. Ìkejì jẹ́ àbàtà létí odò. Ẹrẹ̀ mù wá dé orúnkún, bàtà ẹnìkejì mi ò jáde níbẹ̀ dòní. Oríṣi igi tó wà níbẹ̀ kò ju ìka ọwọ́ kan lọ. Èmi ni bírò wà lọ́wọ́ mi, ìwé mi sì dára nígbà yẹn, gbogbo ọ́fíìsì ló mọ̀ ọ́n. Mo kọ ọ́ gbàgàdà pé ibi àbàtà yẹn kò níye lórí. Wọ́n gé e. Igi tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni àbùrà. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ẹnìkan tó fẹ́ gbin àbùrà wá bá mi pé kí n mú òun lọ síbi tí òun ti lè rí èso rẹ̀. Ọjọ́ méjì la fi yípo, òfo la mú bọ̀. Lórí òkè tí mo yìn bí ọba, a ò rí ẹyọ àbùrà kan, nítorí igi olómi ni àbùrà, kì í hù lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ kúrò láyé ní apá ibẹ̀ yẹn.

Ohun tí ọmọ yín ń kọ́ ní Ṣáínà, òun ni n kò mọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ná Òke-Àjẹ sì mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ẹ fẹ́ se ìkọ́kọrẹ́. Ewùrà wà nílé, epo àti ata wà nílé, owó ọwọ́ yín kò sì ju ti nǹkan kan lọ. Ṣé ẹ máa tún ra ewùrà nítorí pé èyí tí ẹ rí lọ́jà tóbi, ó sì rẹwà? Ẹja lẹ máa rà, ì báà jẹ́ ṣáwá mẹ́ta. Ohun tí kò tíì sí nínú ìkòkò ló ń sọ ohun tí ẹ máa rà.

Ó rí bẹ́ẹ̀ fún igbó. Ká ní igbó mẹ́ta wà. Nínú èkíní, a rí ìrókò, àfàrà, arère, ìta, ọ̀gànwó, ọmọ, orógbó àti ahùn: oríṣi mẹ́jọ. Nínú èkejì, a rí arère, àfàrà, ìta, ọmọ, ahùn, ọ̀gànwó àti ayùnrẹ́: méje. Ẹ̀kẹta ni àbàtà, àbùrà, ọ̀pẹ̀pẹ̀ àti ògùrọ̀ ló wà níbẹ̀: mẹ́ta péré. Méjì la lè ṣọ́. Bí a bá mú èyí tó ní mẹ́jọ àti èyí tó ní méje, ó dùn létí, ṣùgbọ́n ẹ kà á: oríṣi mẹ́sàn-án la gbà là, nítorí ayùnrẹ́ nìkan ni èkejì fi kún ti èkíní. Bí a bá mú èyí tó ní mẹ́jọ àti àbàtà tí mo fi ṣẹ̀sín, mọ́kànlá. Àwọn onímọ̀ ti fi kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò yìí fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún oríṣi igi lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ìdí ìṣirò náà kò ju èyí lọ.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé wọ́n á pín àwòrán ilẹ̀ sí igun mẹ́rin mẹ́rin bí ilé ayò ọlọ́pọ́n, wọ́n á kọ orúkọ igi tí wọ́n ti rí ní igun kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀. Wọ́n á wo èyí tí òfin ti ń ṣọ́ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n má baà ra ewùrà lé ewùrà. Wọ́n á wo igi tí kò sí níbòmíràn mọ́, wọ́n á wo ibi tí ayùn ti ń dún súnmọ́. Ní ilẹ̀ olókè bí ti gúúsù Ṣáínà, wọ́n tún gbọ́dọ̀ wo gíga, torí igi ìsàlẹ̀ òkè àti igi orí rẹ̀ kì í jọ ara wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èèyàn lè gùn ún láàárọ̀ kó sọ̀ kalẹ̀ lọ́sàn-án.

Ibi tí mo ti máa ń bá wọn jà ni orúkọ igi tí wọ́n ń kọ sínú igun yẹn. Níbo ni wọ́n ti rí i? Ara ewé tí àwọn kan já, tí wọ́n fi bébà tẹ̀ gbẹ, tí wọ́n kọ ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti já a sí i lára. Irú ewé bẹ́ẹ̀ kún FRIN, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí igbó, ní Jericho, ní Ìbàdàn. Àwọn tó sì já wọn, èèyàn bí èmi ni, tí ebi ń pa, tí mọ́tò ń dúró dè. Ibi tí ojú títì wà la máa ń lọ. Tẹ́ ẹ bá ya gbogbo ibi tí a ti já ewé sórí bébà, ojú ọ̀nà mọ́tò lẹ máa rí. Igun tó ṣófo lórí àwòrán lè jẹ́ ibi tí kò sí igi, ó sì lè jẹ́ ibi tí ẹnikẹ́ni ò tíì fẹ́ ki ẹsẹ̀ bọ ẹrẹ̀. Ẹ bá mi bi ọmọ yín bóyá wọ́n ń rò ó mọ́ ọn.

Ó kan Ìjẹ̀bú dáadáa. Ní ọdún 2000, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Norman Myers àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ibi 25 jáde ní gbogbo ayé tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ dáàbò bò. Ibi tó bá máa wọ ìwé náà gbọ́dọ̀ ní oríṣi ewéko tó tó 1,500 tí kò sí níbòmíràn láyé, kó sì ti pàdánù ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ewéko àdámọ́ rẹ̀, ó kéré tán. Ibi 25 yẹn kò gbà ju ìdá 1.4 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ ayé lọ, ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún oríṣi ewéko ayé ló sì jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ni wọ́n wà. Igbó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wà lára wọn, tiwa sì wà nínú rẹ̀. Igbó Ọmọ tí a ń pè ní J4 yìí, ọdún 1925 ni ìjọba fi òfin yà á sọ́tọ̀, ó tó 1,305 kìlómítà níbùú lóòró. Nínú gbogbo rẹ̀, hẹ́kítà 460 ni wọ́n pàṣẹ ní 1946 pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn rárá. Ẹ fojú inú wò ó: hẹ́kítà kan gbà ju éékà méjì lọ, ọgọ́rùn-ún hẹ́kítà ló wà nínú kìlómítà kan níbùú lóòró. Àwọn tó mú hẹ́kítà 460 nínú igbó tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, yíyàn ni wọ́n yàn. UNESCO sì fi Ọmọ sínú ìwé àwọn igbó àpẹẹrẹ rẹ̀ ní 1977, ọdún méjì ṣáájú igbó Dinghushan ti Ṣáínà. Ẹ sọ ìyẹn fún ọmọ yín, kí ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀.

*

Ẹ kú ìkàlẹ̀, Bàbá. Ìdílé wa ní igbó orò kan nílẹ̀ yìí, kò ju éékà méjì lọ. Ẹnìkan fẹ́ rà á kó fi kọ́ ilé epo. Àwọn àbúrò mi ní igbó kékeré bẹ́ẹ̀ ò já mọ́ nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó ńlá ìjọba, pé bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti igi, igi wà ní J4. Kí lẹ rí sí i?
— Àrẹ̀mọ ìdílé kan, Ìpẹru Rẹ́mọ

Àrẹ̀mọ, ilé epo ò tíì wọ́n láti Ìpẹru dé Ṣàgámù débi pé kí ẹ fi ilẹ̀ baba yín kún un. Èrò tèmi nìyẹn, kì í ṣe ti ìmọ̀ igi. Ẹ gbọ́ ti ìmọ̀ igi báyìí.

Mo dárúkọ Dinghushan lókè. Òun ni igbó àkọ́kọ́ tí Ṣáínà fi òfin dáàbò bò, ní 1956. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òfin 1956 ló jẹ́ kí igi wà níbẹ̀ di ọdún yẹn. Ilé òrìṣà Búdà kan wà lórí òkè náà, àwọn alufaa rẹ̀ ni kò jẹ́ kí wọ́n gé igi yí i ká fún ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan. Gbogbo òkè tó yí wọn ká ni wọ́n ti gé lákọ̀ọ́tán, tiwọn ló ṣẹ́kù. Ọ̀pọ̀ abúlé gúúsù Ṣáínà náà ní igbó kékeré lẹ́yìn ilé tí àwọn àgbà ní kí ẹnikẹ́ni má gé, wọ́n ní òun ló ń ṣọ́ oríire abúlé. Lónìí, ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ń lọ bí wọ́n bá fẹ́ mọ irú igi tó wà nílẹ̀ yẹn láyé àtijọ́.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti igi kan tí wọ́n ń pè ní Metasequoia. Nínú òkúta ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ní 1941, ará Jàpáàn kan fún un lórúkọ bí a ṣe ń fún ohun tó ti kú tipẹ́ lórúkọ. Kí ọdún mẹ́wàá tó pé, wọ́n bá a láàyè nínú àfonífojì kan ní àárín Ṣáínà, ó dúró gbọnin. Àwọn ará abúlé mọ̀ ọ́n ní tiwọn, wọ́n ní orúkọ tí wọ́n ń pè é, ojúbọ kékeré kan sì wà nídìí rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ilé epo ni wọ́n kọ́ síbẹ̀ ńkọ́?

Nítorí náà, ẹ má fi éékà méjì wé J4. Ohun tó yẹ kí ẹ béèrè ni pé, kí ló wà nínú tiwa tí kò sí nínú ti ìjọba? Mo ti rí igbó òrìṣà tí kò tóbi ju pápá bọ́ọ̀lù méjì lọ tó ní orógbó tí ọwọ́ ẹni méjì ò ká. Nínú igbó ìjọba, irú orógbó bẹ́ẹ̀ ti wọ́n, torí èèpo rẹ̀ àti gbòǹgbò rẹ̀ ni wọ́n ń wá fún ẹlẹ́mu àti alágbo.

N kò ní tàn yín, kékeré ní ìyà tirẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wọ inú rẹ̀ láti gbogbo etí, ilẹ̀ rẹ̀ á máa gbẹ, iná tí ẹlòmíràn dá sóko á máa jẹ wọ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún. Igi ńlá kan ṣoṣo lè wà níbẹ̀ láìní ọmọ kankan nídìí rẹ̀. Ìyẹn lohun tí mo máa kọ́kọ́ wò bí mo bá dé ọ̀dọ̀ yín: n kò ní wo òkè, ilẹ̀ ni mo máa wò. Bí igi àgbà bá wà tí èéhù rẹ̀ ò sí, ilé arúgbó lẹ ń ṣọ́.

Ohun tó lè gbà á ni kó ní aládùúgbò. Àtíòro máa ń gbé èso mì, a fò, a sì pọ̀ ọ́ síbòmíràn, ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn kó máa fò kọjá ibi tí kò sí igi tó lè bà lé. Bí odò kan bá ti ẹ̀gbẹ́ igbó yín ṣàn lọ sí ti ìdílé mìíràn, ẹ bẹ àwọn olóko kí wọ́n fi igi etí odò sílẹ̀. Ẹ wo Ẹ̀rẹ̀dò Sùngbọ́ ní apá Òke-Ẹ̀rì. Yàrà tí àwọn baba wa gbẹ́ yípo ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ó tó nǹkan bí 160 kìlómítà, níbi mìíràn ògiri rẹ̀ ga tó ogún mítà. Ta ló fẹ́ gbin àgbàdo sára ògiri? Igi ló kù síbẹ̀, ó gùn lọ bí okùn láti oko dé oko. Mo sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀ nígbà tí orúnkún mi ṣì dára. Otútù ibẹ̀ yàtọ̀ sí ti òkè, ọ̀rinrin wà lára ilẹ̀, gbòǹgbò sì yọ lára ògiri bí ìka. Àwọn tó gbẹ́ ẹ kò ro ti igi o.

Ẹ ní kí àwọn ọ̀dọ́ ìdílé kọ orúkọ igi inú igbó náà sílẹ̀. Èyí tí ẹ ò bá mọ̀, ẹ já ẹ̀ka rẹ̀ kékeré tó ní òdòdó tàbí èso, ẹ fi sáàárín ìwé ìròyìn, ẹ gbé nǹkan wúwo lé e, ẹ máa pààrọ̀ bébà lójoojúmọ́ kó má baà bu, kí ẹ wá gbé e lọ sí Jericho. Ìyàwó mi ka ibí yìí, ó ní àwọn wo ni yóò kà á nígbà tí obìnrin ò gbọdọ̀ wọ igbó orò? Mo ní àwọn ọkùnrin. Ó ní ìdí nìyẹn tí orúkọ igi inú ìwé yín ò fi ń pé. N kò rí èsì fún un.

*

Bàbá, kí ló dé tí ẹ kì í fẹ́ràn mèlínà? Ewéko ni, ó ní òjìji, ó ń yára dàgbà. Igbó kúkú ni igbó ń jẹ́.
— Ọmọ ọdún 22, Ìjẹ̀bú-Igbó

Ọmọ mi, wá sílé lọ́jọ́ Sátidé, torí àdúgbò kan náà la jọ wà. Jẹ́ kí n rò fún ẹ kí o tó dé.

Mèlínà kò ṣẹ̀ mí. Apá Íńdíà àti Bọ́má ló ti wá. Ìtorí bébà tí wọ́n fẹ́ máa ṣe ní Ìwọpìn ni wọ́n ṣe gbìn ín lọ rẹpẹtẹ nínú igbó Ọmọ, igbó àdámọ́ ni wọ́n sì gé kí wọ́n tó rí àyè gbìn ín. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dùn mí. Ṣáínà náà ṣe irú rẹ̀. Wọ́n gé igbó wọn lórí òkè púpọ̀, wọ́n gbin igi pákó kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní Cunninghamia. Tí o bá ti ojú ọ̀run wo méjèèjì, àwọ̀ ewé kan náà lo máa rí. Ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán láti òkè pàápàá máa ń ṣì í mú, á ka mèlínà mọ́ igbó.

Wọ inú rẹ̀ kí o tẹ́tí. Nínú igbó àdámọ́ tí n kò tíì rìn dé ogún ìṣísẹ̀, mo lè dárúkọ igi mẹ́wàá kí n má tíì pe ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Nínú oko mèlínà, o máa rìn títí tí ilẹ̀ fi máa ṣú, orúkọ kan náà lo máa máa pè. Bí a bá fẹ́ pákó àti igi ìdáná, mèlínà dára. Kí wọ́n gbìn ín sórí ilẹ̀ tí ẹ̀gẹ́ ti jẹ tán, kó máa bá wa gba ayùn lọ́wọ́ igbó gidi. Ohun tí n kò fẹ́ ni kí wọ́n máa kà á mọ́ igbó tí a ti dáàbò bò.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn rèé. Ní oṣù Kejìlá 2022, ní Montreal ní Kánádà, àwọn orílẹ̀-èdè ayé fẹnu kò pé nígbà tó bá fi máa di 2030, ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ àti òkun ayé ni kó wà lábẹ́ ààbò. Ìjọba tó bá fẹ́ sáré pé 30 á wá ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò bá a du, àpáta, ilẹ̀ gbígbẹ, kò sì ní ka èyí tó kù nílẹ̀ fún àbùrà. 30 á pé. Ní oṣù Kẹwàá 2024, IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ààbò ohun àdámọ́, kéde pé nínú oríṣi igi 47,282 tí wọ́n yẹ̀ wò, 16,425 ló wà nínú ewu àparun. Ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Wọn kò sọ pé mèlínà wà lára wọn.

*

Ẹ káàárọ̀ sà. Mo gbin ìrókò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn ilé lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Wọ́n hù dáadáa, ṣùgbọ́n orí wọn ń wú kókó kókó bí ẹni tí oyin ta, lẹ́yìn náà a rọ, a kú. Àwọn aládùúgbò ní ìrókò kì í ṣe igi tí èèyàn ń gbìn, pé inú ń bí olúwéré. Kí ni kí n ṣe?
— Tíṣà àgbà, Ìlíṣàn Rẹ́mọ

Ẹ káàárọ̀ mà. N kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí olúwéré, mo ti sùn sínú igbó tó láti má ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó wà lórí ìrókò yín, kòkòrò ni. Ẹ fi abẹ́ la ọ̀kan nínú kókó yẹn kó tó bẹ́. Ẹ máa rí ọmọ kòkòrò pẹlẹbẹ nínú rẹ̀, ó kéré ju orí pínnì lọ, ó jókòó bí ẹni tó wà nínú ilé tí wọ́n kọ́ fún un. Ìyá rẹ̀ ń fò, ó dà bí eṣinṣin kékeré. Ó yé ẹyin sára ewé tútù, ọmọ náà wọ inú ewé lọ, ewé sì wú bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tó bá dàgbà tán, kókó á bẹ́, òun á fò lọ, ibi tó bẹ́ á jẹrà, orí igi á sì kú. Phytolyma lorúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é. Igi kékeré ló ń bá jà, ìrókò àgbà kì í kú sí i lọ́wọ́.

Àṣìṣe yín ni pé ẹ gbin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sójú kan. Àsè lẹ sè fún un. Nínú igbó, ẹ kì í rí ìrókò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí ìlà, ẹyọ kan níbí, òmíràn lọ́ọ̀ọ́kán, igi mìíràn láàárín wọn. Ẹ gé orí tó ti wú, ẹ jó o níná kó tó bẹ́. Ẹ fi mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó lágbára jù sílẹ̀, kí ẹ gbin nǹkan mìíràn sáàárín wọn tó máa ṣíji bò wọ́n díẹ̀, ìṣin, agbálùmọ̀, ohun tí ẹ bá ní. Tí orí kan bá kú, òmíràn á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ yan èyí tó bá tọ́ jù, kí ẹ gé ìyókù.

Ẹ má sì fi ẹyọ kan ṣoṣo sílẹ̀ o. Akọ àti abo ni ìrókò. Kì í ṣe òdòdó ni mò ń sọ, igi lódindi ni: igi kan jẹ́ akọ, òmíràn jẹ́ abo. Òdòdó akọ gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ó funfun, ó ń rọ̀ wálẹ̀ bí òwú tí kòkòrò tú. Ti abo kúrú, ó sanra, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé, òun ló ń di èso tí àdán ń wá lóru. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú láti ara akọ bá abo. Igi tó ṣẹ́kù lóun nìkan láàárín oko, tí gbogbo wa ń tọ́ka sí pé Ọlọ́run ṣeun, ìrókò ṣì wà, ó lè ti pẹ́ tí kò rí ẹnì kejì.

Mo mọ èyí torí mo ní ọ̀kan lẹ́yìn ilé. Ọmọ ọdún 31 ni. Ọdún tó kọjá ló kọ́kọ́ yọ òdòdó, mo gbé àga jókòó sídìí rẹ̀ láàárọ̀, mo ń wòkè. Funfun ni, ó gùn, ó ń rọ̀ wálẹ̀. Akọ ni. Ẹni tó bá mọ ibi tí abo wà láti Òkè-Sópin dé etí odò Ọ̀ṣun, kó jọ̀ọ́ kọ̀wé sí mi.